Ìdánwò Túùbù Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́, àti Bí A Ṣe Lè Tún Un Lò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń retí láti ẹnu àlùfáà. Ó jẹ mọ́ àwọn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ wọ̀nnì tí ẹ̀yìn wọn yọ sóde, tí ó máa ń gba ọkùnrin méjì kí a tó lè gbé ọ̀kan nínú wọn láti iyàrá dé iyàrá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín ṣì ní ọ̀kan tí a da aṣọ bò ní kọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ, tí wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ rédíò, ń tọrọ wọn, wọ́n ń tú wọn, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ohun mìíràn. Àwọn òbí wọn tọ̀ wá wá, wọ́n ní ìdọ̀tí li àwọn ọmọ ń kó wọlé, àti pé iná yóò jó ilé mọ́ wọn lórí. Ó tọ́ kí òbí bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ewu tí ó wà nínú nǹkan náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń wò, ìwúlò rẹ̀ pẹ̀lú sì ju èyí tí wọ́n rò lọ.

Ohun tí àwa fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ààlà mìíràn láàárín ọjà tí ó wúlò àti ẹrù májèlé, bí kò ṣe ìdánwò. Ẹni tí ó bá pe túùbù ní òkú láìdán an wò, ó lè sọ ohun rere nù; ẹni tí ó bá sì rà á láìdán an wò, ó lè fi owó ara rẹ̀ ra òjé sínú kànga ilé rẹ̀. Pọ́ọ̀lù Mímọ́ kò ronú kan tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ó kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà nípa wíwádìí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò yọ ọjà tòkunbọ̀ sílẹ̀.

Njẹ́ kí ni túùbù yìí? Ìgò ńlá ni, tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ó fẹ̀ níwájú, ó sì ń tín-ín-rín bí ó ti ń lọ sẹ́yìn, títí ó fi di ọrùn tóóró bí ọrùn kèrègbè. Nínú ọrùn náà li okùn wáyà kékeré kan wà tí iná ń mú gbóná, òun náà a sì mú ohun kan bí ife tí a ń pè ní káátódì gbóná. Láti ojú káátódì ni ẹlẹ́kítírọ́nù, èérún iná mànàmáná tí ojú kò lè rí, ti ń tú jáde bí oruku ti í tú lójú ìkòkò. Agbára tí ó tó fóltì 25,000 nínú tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ni yóò fà wọ́n síwájú. Kọ́ìlì bàbà tí ó yí ọrùn ìgò ká ni yóò darí wọn sọ́tùn-ún àti sósì, sókè àti sódò. Níbi tí wọ́n bá sì kàn, ìyẹ̀fun kan bí àtíkè tí a fi kun inú ojú ìgò náà yóò tàn. Gbogbo àwòrán tí a ti ń wò láti ọjọ́ wọ̀nyí, ìtànṣán tí ń sáré lójú díǹgí ni.

Karl Ferdinand Braun, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ṣe irú túùbù bẹ́ẹ̀ ní ìlú Strasbourg lí ọdún 1897. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe nítorí àwòrán. Ó ń wá ọ̀nà tí ojú yóò fi rí bí iná mànàmáná ti ń lọ tí ó sì ń bọ̀ nínú wáyà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ wa bá sọ tẹlifíṣọ̀n di ẹ̀rọ tí a fi ń wo ìgbì iná tàbí ìgbì ohùn, iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá túùbù li wọ́n dá a padà sí.

Ọdún 62 lẹ́yìn ti Braun, lí ọjọ́ 31 oṣù October 1959, ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ìgbà náà ni túùbù ti wọ ilé wa. Ó jọba fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, kí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tó lé e jáde. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ayé sì ti fi ṣíṣe rẹ̀ sílẹ̀. Èyí li ó fà á tí àwọn ará Yúróòpù fi ní púpọ̀ láti dà nù, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì gba ọ̀nà omi wá sí Èkó, sí Àlàbá àti àwọn ọjà mìíràn, àti láti ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú òwò wò ó díẹ̀, nítorí Ìjẹ̀bú kì í ṣe àlejò lójú ọjà. Lí ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí láti United Nations University àti ibùdó àdéhùn Basel tí ó wà ní Ìbàdàn dúró ní èbúté Èkó, wọ́n ń ka àwọn ẹ̀rọ àlòkù tí ń wọlé. Wọ́n rí i pé ó tó tọ́ọ̀nù 60,000 lọ́dọọdún, àti pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni a rọ́ sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Nígbà tí wọ́n dán díẹ̀ nínú wọn wò, ó kéré tán 19 nínú 100 ni kò ṣiṣẹ́. Àdéhùn Basel ti ọdún 1989, tí a ṣe lẹ́yìn tí a ti da májèlé láti ilẹ̀ Ítálì sí Kókó lí ọdún 1988, kò fi ààyè sílẹ̀ kí a fi orúkọ ọjà bo ìdọ̀tí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 sì ni ó ti di dandan kí ìlú tí ń rán ògbólógbòó ẹ̀rọ tí ó ti di ìdọ̀tí kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìlú tí yóò gbà á. Ìjọba wa pàápàá ti ka títúùbù wọ̀nyí wọ̀lú léèwọ̀. Ṣùgbọ́n òfin ń dúró lí èbúté, ìwọ olùrà li ó dúró nínú ìsọ̀. Bí ọlọ́jà bá sọ pé “ó ń ṣiṣẹ́,” kí a ní kí ó tàn án.

Wàyí o, a dé orí ìdánwò. A ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni ibi ikú.

Túùbù máa ń pa iná mọ́. Díǹgí rẹ̀ wà láàárín ọ̀dà dúdú méjì tí ń gbé iná, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde, ó sì ń tọ́jú iná sáàárín wọn bí ìkòkò ti ń tọ́jú omi. A lè ti yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n lára ògiri láti àárọ̀, kí fóltì ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì wà lábẹ́ ìdérí rọ́bà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù. Nítorí náà, ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n bí ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ kò bá dúró tì í. Ọ̀gá náà yóò mú sukudiráfà gígùn tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí kò sán. Yóò so wáyà kan mọ́ irin rẹ̀, yóò sì so ìdí kejì wáyà náà mọ́ okùn irin híhun tí ó yí ọ̀dà dúdú òde túùbù ká. Yóò fi ọwọ́ kejì sẹ́yìn ara rẹ̀, yóò sì ti ẹnu sukudiráfà wọ abẹ́ rọ́bà náà títí yóò fi kan irin inú rẹ̀. Nígbà mìíràn a ó gbọ́ “pá!” Kí ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nítorí iná a máa padà yọ láti inú díǹgí lẹ́yìn tí a rò pé ó ti tán. Àwọn tí kò gbà èyí gbọ́ ni ó máa ń gbé lulẹ̀.

Ewu kejì ni òfìfo inú ìgò. Afẹ́fẹ́ ayé ń tẹ gbogbo nǹkan pẹ̀lú ìwúwo bíi kílò kan lórí sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan ní ìbú àti òró. Túùbù tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó sì ga ní 30, ń ru ẹrù tí ó ju tọ́ọ̀nù kan lọ lójú rẹ̀ nìkan, kò sì sí ohun kan nínú tí ó ń tì í padà. Bí ó bá fọ́, yóò kọ́kọ́ wó sínú, àfọ́kù yóò sì fò síta. Ọrùn ni ibi tí ó rọ jù. Ẹni tí ó bá fi ọrùn gbé túùbù bí ẹni gbé ìgò ẹmu, kò fẹ́ràn ojú rẹ̀ méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí ni ojú lásán yóò ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Wo inú ọrùn túùbù, ìwọ yóò rí ibì kan tí ó ń dán bí fàdákà tàbí bí dígí dúdú. Irin kan tí a ń pè ní bárííọ̀mù ni, tí a fi síbẹ̀ láti gbé ìyókù afẹ́fẹ́ mì. Bí ó bá ṣì ń dán, òfìfo ìgò náà pé. Bí ó bá ti di funfun bí ẹ̀kọ mímu, afẹ́fẹ́ ti wọlé. Túùbù náà ti kú, kò sì sí oníṣẹ́ kan lábẹ́ ọ̀run tí ó lè jí i. Ìdánwò yìí kò ná wa ní kọ́bọ̀, àwa kò sì mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í fi ṣe é.

Lẹ́yìn náà, kí a fi mítà wọn okùn iná inú ọrùn. Bí ó bá fi óòmù díẹ̀ hàn, okùn náà wà láàyè. Bí mítà kò bá mira rárá, ó ti já. A ó sì wọn àárín okùn iná àti káátódì, àti àárín káátódì àti àwọn irin tí ó tẹ̀ lé e. Níbẹ̀ kò yẹ kí mítà sọ ohunkóhun. Bí ó bá sọ̀rọ̀, nǹkan méjì tí kò yẹ kí ó fara kàn ara ti fara kàn, èyí sì ni ó máa ń mú kí gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n kún fún àwọ̀ kan ṣoṣo, pupa tàbí àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ aró, tí ìlà tín-ín-rín sì ń kọjá lára rẹ̀. Bí gbogbo èyí bá dára, kí a fún okùn iná ní fóltì 6.3 tí ó tọ́ sí i, kí ọrùn náà sì pọ́n bí ẹ̀yin iná nínú òkùnkùn.

Èyí tí ó kù ni láti mọ bí agbára káátódì ti pọ̀ tó. Àwọn ọ̀gá ní ẹ̀rọ tí ń wọn èyí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní i lè tan tẹlifíṣọ̀n tí ó ti tutù pátápátá, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Túùbù tí ó lágbára yóò yọ àwòrán láìpẹ́. Èyí tí ó ti rẹ̀ yóò pẹ́ kí ó tó yọ ọ́, àwọ̀ kan yóò sì máa lọ́ra lẹ́yìn àwọn méjì yòókù; ibi tí ó yẹ kí ó funfun nínú àwòrán yóò dàbí ẹni pé a fi òróró pa á. Àwọn oníṣẹ́ kan a máa gbé fóltì okùn iná sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láti jó ìdọ̀tí ojú káátódì kúrò. Ó máa ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ẹni fún arúgbó ní kọfí líle ni: ó lè jí fún oṣù mélòó kan, ó sì lè má rí ọ̀la. Ẹni tí ó bá tà á lẹ́yìn èyí, kí ó sọ fún olùrà.

A kò lè ṣe aláìmẹ́nuba ẹ̀ṣẹ̀ kan tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn atúnṣe. Opó kan nínú ìjọ gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan, nítorí pé ojú rẹ̀ kò fi ohunkóhun hàn mọ́ bí kò ṣe ìlà funfun kan ṣoṣo tí ó là á já ní ìbú. Ọkùnrin náà ní túùbù ti kú, ó fún un ní owó táṣẹ́rẹ́, ó sì gbà á. Ẹ̀yin ará, bí túùbù bá kú, níbo ni ìlà funfun yóò ti wá? Ìtànṣán wà níbẹ̀, ó sì ń tàn gbọ̀n-ọ́n. Ẹ̀ka tí ń darí rẹ̀ sókè sódò nìkan li ó bàjẹ́, àtúnṣe rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bákan náà li èyí tí igun kan ojú rẹ̀ yí àwọ̀ padà: ìgbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé sípíkà ńlá tí a gbé tì í ni mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fa ìtànṣán sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé sípíkà kúrò ná, kí ẹ tó pe oníṣẹ́.

Túùbù tí ó yege nínú gbogbo èyí, kí li a lè fi ṣe? Àwọn kan fi ìkékeré inú ẹ̀rọ tí ilé ìwòsàn fi ń ṣọ́ ọkàn aláìsàn ṣe aago tí ìtànṣán ń ya. Àwọn kan fi ṣe ẹ̀rọ ìwọn fún iṣẹ́ rédíò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wú wa lórí jùlọ ni bí wọ́n ti ń mú kí ojú rí ohùn.

Tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun ni a lò. Ọ̀gá tí ń kọ́ wọn gé wáyà kọ́ìlì tí ń darí ìtànṣán sọ́tùn-ún àti sósì. Ó fi kọ́ìlì mìíràn láti ara tẹlifíṣọ̀n tí ó ti kú rọ́pò rẹ̀, kí fláíbáàkì tí ń pèsè fóltì ńlá má baà dààmú. Lẹ́yìn náà ni ó so kọ́ìlì ti àkọ́kọ́ mọ́ ẹnu ámúpílífáyà, ó fi résísítọ̀ sáàárín wọn, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà lélẹ̀. Ìtànṣán tí ń lọ sókè sódò tẹ́lẹ̀ wá ń lọ sọ́tùn-ún àti sósì, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí a rọra dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, nítorí ìlà tí ó bá dúró lójú kan yóò jó ìyẹ̀fun ojú túùbù.

Bí ọkùnrin bá wá sọ̀rọ̀ sínú máíkì, tí ohùn rẹ̀ ń mì nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì méjì ni yóò hàn. Bí ó bá gbé ohùn sókè dé 150, ìgbì mẹ́ta ni. Dé 200, mẹ́rin. Kí ó wá pe ọkọ̀, lẹ́yìn náà ọkọ, lẹ́yìn náà ọkọ́. Lí èkínní, àwọn ìgbì yóò tú ká bí ọ̀rọ̀ ti ń parí. Lí èkejì wọn yóò dúró bí wọ́n ti wà. Lí ẹ̀kẹta wọn yóò fún mọ́ ara wọn. Bí onígángan bá fún ọṣán ìlù rẹ̀ mọ́ra, a ó rí i pé ìgbì ń sún mọ́ra bí ìlù ti ń ké. Àwọn ará wa kan wà tí wọ́n ń sọ pé àmì ohùn lórí ìwé Yorùbá kò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Kí wọ́n wá jókòó níwájú túùbù yìí fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó ku èyí tí kò yege, èyí sì ni ó yẹ kí òbí bẹ̀rù. Òjé wà nínú díǹgí túùbù, pàápàá ní ẹ̀yìn àti ọrùn rẹ̀. Túùbù ńlá kan lè ní tó kílò kan tàbí méjì. A fi í síbẹ̀ nítorí pé fóltì ńlá a máa bí irú ìtànṣán tí Röntgen rí lí ọdún 1895, èyí tí ilé ìwòsàn fi ń ya egungun, òjé sì ni ó ń dí i lọ́nà kí ó má baà dé ara ẹni tí ń wòran. Níwọ̀n ìgbà tí ìgò bá pé, òjé náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣa irin lórí ààtàn a máa fi òkúta fọ́ ọrùn rẹ̀ nítorí bàbà kọ́ìlì tí kò wúwo tó nǹkan. Àfọ́kù a wà nínú òjò, ekuru rẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tí ń fi ọwọ́ sẹ́nu. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ohun tí ó bà jẹ́ níbẹ̀ kò sì ní àtúnṣe. Lí ọdún 2010, òjé láti ibi tí a ti ń fọ́ òkúta wúrà pa ọmọdé tí ó ju 400 lọ ní Zamfara. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀nà Zamfara jìn: ní Ògíjo, ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tiwa, a rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ń gbé nítòsí ibi tí a ti ń yọ́ bátìrì ọkọ̀, ìròyìn rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé lí ọdún 2025.

Nítorí náà a bẹ̀ yín, kí ẹ má ṣe ta òkú túùbù fún àwọn tí ń ra irin kiri, kí ẹ má sì gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má jó wáyà rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lí ọdún 2018, tí a ń pè ní EPRON, láti máa ṣètò bí a ó ti kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní àṣẹ àti irinṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n wọn kò lè wá nítorí ọ̀kan ṣoṣo. A ti ṣí iyàrá tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ sílẹ̀ fún èyí. Kí a gbé túùbù wá pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ ní pípé, kí a da ojú rẹ̀ bolẹ̀ nínú páálí, kí a fi ẹfun kọ ọjọ́ tí a dán an wò àti ohun tí ó pa á sí ara páálí náà. Nígbà tí ó bá tó ẹrù ọkọ̀ kan, a ó ránṣẹ́ pè wọ́n.